Àpò Olùdíje, Àpò Ẹgbẹ́

 

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá bá ti kóra jọ ní Òkè Ọya: ṣé ọmọ wa kò lè dá dúró díje láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, kí àwa fúnra wa sì gbé owó rẹ̀? Apá méjì ni ìbéèrè náà ní, òfin sì dáhùn méjèèjì.

Apá kìn-ín-ní kò gba àlàyé púpọ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 65, 106, 131 àti 177, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin, tàbí tó fẹ́ di gómìnà tàbí ààrẹ, ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Kí àwọn ológun tó gbàjọba ní 1966, àwọn adádúró ń díje nílẹ̀ yìí. Lónìí, ọ̀nà náà ti dí. Àwọn kan ń fẹ́ kí a ṣí i padà, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá aṣòfin wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye tó ń náni.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1992, Ross Perot, oníṣòwò kọ̀ǹpútà láti Texas, díje fún ipò ààrẹ láìní ẹgbẹ́ lẹ́yìn. Owó ara rẹ̀ ló ná, ó lé ní 60 mílíọ̀nù dọ́là. Ó ń ra ìdajì wákàtí lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń fi àtẹ ìṣirò ṣàlàyé gbèsè ìjọba fún àwọn ará ìlú. Nǹkan bí 19 nínú olùdìbò 100 ló dìbò fún un, síbẹ̀ kò borí ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Adádúró tí kò lówó bíi tirẹ̀ ní láti máa gba díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùdíje sí ilé aṣòfin máa ń fi 500 pọ́n-ùn dógò. Bí ìbò rẹ̀ kò bá ju 5 nínú 100 lọ, owó náà wọgbó.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìṣirò náà wálé. Nínú ìdìbò ọdún 2023, ibùdó ìdìbò 176,846 ló wà nílẹ̀ wa. Àga ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì jẹ́ 993. Bí a bá pín in, ó tó ibùdó 178 fún àga kan. Ká ní adádúró kan fi aṣojú kan sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, tó sì fún un ní ₦10,000 fún ọkọ̀ àti oúnjẹ, ₦1,780,000 ti lọ ní ọjọ́ kan, kó tó kan ìwé ìpolongo àti owó rédíò. Ẹgbẹ́ òṣèlú ní ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò jókòó síbẹ̀. Adádúró kò ní.

Abájọ tí ọmọ wa fi ń wá sọ́dọ̀ wa, yálà ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí kò sí. Apá kejì ìbéèrè náà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí. Abala 221 Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ yòówù tí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ tọrọ ìbò fún olùdíje kankan, kò sì gbọdọ̀ dáwó sí àpò ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí sí ìnáwó ìdìbò olùdíje kankan. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣòwò wà nínú rẹ̀. Owó ilé ìpàdé, owó ìsìnkú, owó tí ẹ fi ń ran aláìsàn lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ di owó ìbò.

Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ àwọn kan. Wọ́n á ní àlejò ni wá níbí, bí a kò bá gbé ti wa, ta ni yóò gbé e? Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ìpàdé yín: kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni gbogbo yín wà. Ìyá tó ń yọ owó oṣù ẹgbẹ́ nínú èrè ata, tó sì fẹ́ dìbò fún ẹlòmíràn, kí ló dé tí owó rẹ̀ yóò fi máa tẹ ìwé ìpolongo ẹni tí kò yàn? Lójú tèmi, èyí wúwo ju ìbẹ̀rù òfin lọ. Àwọn onílé tí a bá gbé náà yóò gbọ́ pé ẹgbẹ́ Yorùbá ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ìjà olóṣèlú á wá di ìjà ẹ̀yà.

Olúkúlùkù yín lómìnira láti fi owó ara rẹ̀ ṣe ìtìlẹ́yìn. Nígbà tí Òfin Ètò Ìdìbò ọdún 2022 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí ẹnì kan má fún olùdíje ní ju ₦50 mílíọ̀nù lọ (ẹ má rẹ́rìn-ín), kí olùdíje sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ má sì ná ju ₦30 mílíọ̀nù. Ẹ tún sọ fún àwọn ọmọ yín tó wà ní London àti Houston pé ẹgbẹ́ òṣèlú kò lè fi owó tó bá ti òkè òkun wá sápò: láàrin ọjọ́ 21 ni yóò kó o fún INEC.

Bí olùdíje bá bẹ̀ yín wò, ẹ fún un ní àga, ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì bi í léèrè ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá. Kí alága fún àwọn tí wọ́n ń bá a díje láyè bákan náà. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé kọ́bọ̀ kò jáde nínú àpò ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fún un lówó, kí ó fún un lẹ́yìn tí ìpàdé bá ti túká, ní orúkọ ara rẹ̀, kí ó sì gba rìsíìtì.