Bí Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ajá Yín Bá Ń Rọ

Ajá òyìnbó tí à ń pè ní Alsatian, tó bá ti tó ọdún 8, lè bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí èékánná rẹ̀ máa ha ilẹ̀. Ẹ má sọ pé ayé ló ṣe é. Àìsàn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Kò dun ajá náà, kò sì gbóògùn.

Bó bá jẹ́ lójijì ni ńkọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀? Dìgbòlugi lè ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ké sí dókítà ẹran.

Ẹ tẹ́ àpò gbígbẹ fún un, ẹ máa yí i padà kí ara rẹ̀ má bó. Ọ̀já ìyá ọmọ dára láti fi gbé ìdí rẹ̀ sókè bó bá ń rìn. Ọjọ́ tí kò bá lè dìde mọ́, abẹ́rẹ́ dókítà ni o, kì í ṣe kùmọ̀. Ẹ sin òkú rẹ̀ jìn; ẹ má jẹ ẹ́, oògùn náà ṣì wà nínú ẹran.