Ìyànjú fún Ẹni Tí Yóò To Kọ̀ǹpútà Àkọ́kọ́

Kí owó kòkó tó wọ ìsọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ kọ́kọ́ yan CPU, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó yan mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ryzen 5 7600, tí ó jáde ní 2023, sọ́kẹ́ẹ̀tì AM5 ni ó ń wọ̀. Mọ́dàbọ́ọ̀dù AM4, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, kò lè gbà á. Fáànù wà nínú páálí rẹ̀. 7600X kò ní. Fáànù AM4 tí a ń dè mọ́ irin ẹ̀yìn mọ́dàbọ́ọ̀dù sábà máa ń bá AM5 mu, nítorí ihò wọn kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọn gíga rẹ̀, kí ìdérí àpótí má baà kọ̀ láti dé.