Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Sanwó Kí A Bá A Kọ Ìwé Ìwáṣẹ́?

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fi lé wa lọ́wọ́ kò gùn, ṣùgbọ́n owó ọ̀pọ̀ òbí wà nínú rẹ̀: ǹjẹ́ ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ sanwó fún ẹni tí yóò bá a kọ ìwé tí ó fi ń wá iṣẹ́, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní CV?

Iṣẹ́ bíbáni-kọ̀wé kì í ṣe tuntun láàrin wa. Láyé àwọn baba wa, àwọn akọ̀wé a máa jókòó lẹ́bàá ọjà àti ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú tábìlì àti ẹ̀rọ táìpù wọn, wọn a sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀wé. A kò bú wọn. Wọ́n ṣe ìlú láǹfààní. Òfin tí a ṣe ní 1915 láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ìwé náà. Ẹ̀rí ni èyí pé ohun tí a rán an gan-an ni ó kọ. Ọmọ tí ó lo ọdún 16 nílé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Kí ni ó tún ń wá lọ́dọ̀ akọ̀wé tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí nǹkan kan?

Àwọn kan wí pé ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń gbà pọ̀ jọjọ, kò sì ní àyè láti ka èyí tí ó rí játijàti. Òótọ́ ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú sísan owó fún ẹni tí ó bá wa táìpù tàbí tí ó tún gírámà ṣe. Ohun tí a kọ̀ ni kí a ra ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwa. Ẹni tí ń kọ̀wé tà a máa fi aṣọ kan náà wọ gbogbo ènìyàn: gbogbo wọn á di aṣáájú, gbogbo wọn á di òṣìṣẹ́ takuntakun. Ẹ̀wù àgbàwọ̀, bí kò fún ni lápá, a fún ni lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi ọmọ náà pé, "Báwo ni o ṣe ṣe iṣẹ́ tí o kọ síhìn-ín?", akọ̀wé kò ní sí níbẹ̀. Bí irọ́ bá sì wà nínú ìwé náà, ọmọ ni iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á.

Ẹnu oníkàn la ti í gbọ́ pọ́ún. Ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ ṣe ìṣirò owó ọjà fún ọdún 3 ní ohun tí yóò kọ. Ẹni tí ó fi ọdún ìsìnlú NYSC kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ohun tí yóò kọ. Kí ó sọ iye ọmọ tí ó kọ́, iye oṣù tí ó lò àti ohun tí ó tinú rẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin ará wa ní Britain àti Amẹ́ríkà mọ̀ pé àwọn yunifásítì ibẹ̀ ní ọ́fíìsì tí ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wọn yẹ irú ìwé yìí wò láìgba kọ́bọ̀. Kí ọmọ wa kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí ó tó náwó.

Fún àwọn ti ilé, àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ yan Sátidé kan lóṣooṣù ní gbọ̀ngàn ìlú. Kí ọmọ mú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ wá, kí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìntì bá a kà á, kí wọ́n sì bi í léèrè bí agbanisíṣẹ́ yóò ti bi í. Ẹ̀yin ti òkèèrè lè ka èyí tí a bá fi ránṣẹ́ sí yín. Àga àti tábìlì nìkan ni yóò ná wa. Owó tí òbí ìbá fún akọ̀wé, kí ọmọ fi wọ ọkọ̀ lọ síbi tí a ti pè é.

Àwa olùkọ́ ti ṣetán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa.