Ọ̀rọ̀ Ìlàágùn Òru Kì Í Ṣe Ohun Ìtìjú
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí, ọ̀pọ̀ ló ń fi í sábẹ́ aṣọ.

Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Bí oṣù 12 bá pé tí kò yọjú, ó parí nìyẹn. Èròjà ara tí àwọn dókítà ń pè ní estrogen ló dín kù. Nígbà náà, ibi tí ọpọlọ fi ń wọn ooru ara kì í fara da ìyípadà kékeré mọ́. Òógùn a bo èèyàn lóru, aṣọ a tutù rinrin. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe àrùn.

Ata tó ta, ọtí, tíì àti kọfí a máa ru ooru yìí sókè lára àwọn kan. Obì náà ń kọ́? Èròjà tó wà nínú kọfí ló wà nínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù ṣọ́ èyí tó ń bá a jà, kí ó dín in kù lálẹ́. Eegun pẹ̀lú a máa fúyẹ́ lásìkò yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, wàrà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Aṣọ òwú ni kí á fi sùn, kí omi tútù sì wà nítòsí.

Ṣùgbọ́n bí ìlàágùn bá bá ibà rìn, tàbí ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tàbí bí ara bá ń rù, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì tún yọ lẹ́yìn oṣù 12, ilé ìwòsàn yá. Ẹni tí ìlàágùn kò jẹ́ kó sùn rárá, kó rí dókítà; ìtọ́jú wà.

Ẹni tí kò fojú ba oorun, tó sì wà nídìí ẹ̀rọ láago 6 òwúrọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀yin fọ́máànù, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyà. Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀: omi mímu, fáànù, yunifọ́ọ̀mù òwú dípò náílọ́ọ̀nù, àti àyè láti jáde gba atẹ́gùn. Kí ẹ̀ka wa gbé e síwájú àwọn ọ̀gá. Ẹ̀yin ọkùnrin, ìyá yín ni, aya yín ni. Ẹ bá wa sọ ọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.