Kí A Tó Gbẹ́ Gọ́tà: Àsọyé Lórí Owó Ìlú àti Iyàn Inú Ìgbìmọ̀ Ìbílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni nínú wa: ọ̀rọ̀ gọ́tà, títì, ọjà àti ibùdókọ̀ ni, àti ti òfin tí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ń ṣe kí ó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa tàbí kí ó tó ná an. Àwọn kan a máa sọ pé iyàn jíjà ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ìlú yá. Ní tèmi, iyàn tí a bá jà dáadáa nínú ìgbìmọ̀ wà lára iṣẹ́ náà gan-an, ibi tí a bá sì ti fò ó dá, ìlú ni yóò san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, kì í ṣe ìlú tí a ń bu owó lé lórí kí ó dákẹ́. Ní 1908, nígbà tí Gómìnà Walter Egerton gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó omi, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa kó èèyàn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, wọ́n sì takò ó. Omi mímọ́ kò burú lójú wọn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kànga ń bẹ ní àgbàlá wọn, àti pé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ náà yóò ṣe láǹfààní jù. Nígbà náà, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ará Èkó dìbò yàn tí ó jókòó níbi tí a ti pinnu ọ̀rọ̀ náà. Nítorí èyí, nígbà tí ó di 1916 tí ìjọba Gómìnà Àgbà Lugard kò yé béèrè owó yìí, ìlú gbóná janjan, ọ̀rọ̀ náà sì ba àárín ìjọba àti Ọba Èṣùgbàyí Eléko jẹ́. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mi ò jẹ. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀, ojú pópó ni yóò ti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọdá sí òkè odò níhìn-ín, sí Yábà àti Sùúrùlérè. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ìjọba dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó tò, àjọ yìí ni ó sì pín ilẹ̀ Yábà sí púlọ́ọ̀tì. Ní 1950, ará Èkó dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú, Dókítà Ibiyinka Olorunnimbe sì di Méyọ̀ àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ àjọ LEDB ni àṣẹ àtúntò ìlú wà, kò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn. Nígbà tí ó di 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó agboolé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń kó àwọn èèyàn inú rẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tí wọ́n bá níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó mọ́, ó sì fẹ́ atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n Peter Marris, tí ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé ìyá tí ń tajà ní ẹnu ọ̀nà agboolé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́, owó mọ́tò ń jẹ èrè rẹ̀, àwọn ẹbí tí ń bá a gbé ẹrù sì ti fọ́nká. Káńsẹ́lọ̀ tí ó mọ agboolé wọ̀nyí, ká ní a fún un láṣẹ láti dá iṣẹ́ náà dúró, ì bá ti béèrè ibi tí ọjà yóò wà kí òòlù tó kan ògiri.

Iyàn ti òde òní dé orí ẹni tí ó ni ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé òfin 1999 dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Bọ́lá Tinúbú, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, fi 37 kún un, wọ́n di 57, nínú èyí tí Yábà, Ìtìrẹ́-Ìkátẹ̀ àti Odi-Olówó wà. Nítorí èyí, ní 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ há owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé Ààrẹ kò láṣẹ láti há a, ṣùgbọ́n pé àwọn tuntun náà kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún pàṣẹ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ: bí owó bá dé tààrà, tí kò sì sí iyàn nílé, ọwọ́ tí ń ná an nìkan ni ó yí padà.

Ẹ wo gọ́tà kan ṣoṣo. Gọ́tà àdúgbò wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, kánáàlì ńlá sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Alága gbé àbá ìṣúná wá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó gbẹ́ gọ́tà ní òpópónà báyìí. Bí kò bá sí káńsẹ́lọ̀ tí yóò dìde béèrè pé, "Omi yìí, níbo ni yóò gbà?", kọngilá yóò da kọnkéré, yóò gba owó rẹ̀, òjò oṣù Kẹfà yóò sì kó omi òpópónà kan wọ yàrá àwọn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀. Bí káńsẹ́lọ̀ bá sì gbàgbé láti béèrè ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò yóò kó o sí etí títì, òjò kejì yóò sì gbé e padà síbi tí wọ́n ti kó o. Irú ìbéèrè kan náà ni ó yẹ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ alátẹ tòmátì ní ọjà Òjúwòyè: òfin wo ni ó fàṣẹ sí i, kí ni a sì fi ṣe ní ọjà náà lọ́dún tó kọjá?

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ pé kí ẹ ka àbá ìṣúná sétí ìlú ní èdè Yorùbá, nínú ọjà, kí ẹ tó jókòó lé e lórí. Kí ẹ má fọwọ́ sí iṣẹ́ gọ́tà tí a kò kọ ibi tí omi rẹ̀ yóò parí sí àti ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì gba ìṣirò owó èṣí kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní tuntun. Ẹ̀yin ará ìlú ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Káńsẹ́lọ̀ tí ó mọ̀ pé ará wọ́ọ̀dù òun wà lórí àga lẹ́yìn, yóò ṣòro fún un láti pe "mo fara mọ́ ọn" kí ó tó ka ohun tí ó ń fara mọ́.