Ọtí Ìlú Wa Ló Dára Jù: Ṣé Ahọ́n Ló Ń Sọ̀rọ̀ Ni, Tàbí Ìlú?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀rẹ̀)

 

Ọ̀rọ̀ ọtí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. A rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìpàdé tó kọjá kò lè parí ọ̀rọ̀ owó oṣù nítorí bíà tí a ó rà fún Ọjọ́ Òṣìṣẹ́. Ará Ìjẹ̀ṣà ní Trophy ni ọtí, àwọn ará wa láti apá Onitsha ní Hero ni, àwọn tó ti gbé Èkó rí ní ẹni tí kò mu Star kò tíì mu nǹkan kan, ará Ìkálẹ̀ kan sì dìde pé ẹmu ìlú òun ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí a tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti di "ẹ̀yin wọ̀nyí" àti "àwa wọ̀nyí". Ní Ọ̀rẹ̀ yìí, tí ogun dé bá ní 1967, ó yẹ kí a mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹmu, nítorí òun ni a mọ̀ jù ní agbègbè wa. Bí adẹ́mu bá gbé e sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, dídùn ló máa ń dùn. Ìwúkàrà tó wà nínú rẹ̀ ni ó ń jẹ adùn inú omi ọ̀pẹ náà, tó ń sọ ọ́ di ọtí wákàtí dé wákàtí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá jókòó sí Òdìgbó, tó mu ẹmu ọ̀pẹ tí wọ́n dá ní ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, tó wá fi wé ògùrọ̀ inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé kiri nínú oòrùn láti apá Òkìtìpupa, tó sì ní ti Òdìgbó ló dára jù, kò purọ́. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ̀nà Òkìtìpupa lọ ní kùtù ọ̀la, kí ó mu tiwọn lábẹ́ igi rẹ̀, kí ó tún wá sọ ohun tó bá rí. Òótọ́ ló wà nínú ẹnu ọmọ ìlú tó bá jẹ́ ti ẹmu, àmọ́ òótọ́ ìtòsí ni, kì í ṣe òótọ́ ìlú.

Bíà kò rí bẹ́ẹ̀. A ti sè é, a ti fi iná pa ohun tí ìbá máa yí i padà, a sì ti dé e pa sínú ìgò, kò sí ohun tó ń lé e. Òótọ́ ni pé bí ó bá pẹ́ lójú oòrùn lẹ́yìn tírélà, adùn rẹ̀ máa ń yí, ẹ̀yin awakọ̀ mọ èyí ju àwa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtọ́jú nìyẹn. Ìgò méjì tí a tọ́jú dáadáa, ọ̀kan láti ìlú rẹ, ọ̀kan láti ìlú ẹlòmíràn, ta ló lè fi ahọ́n nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀?

Àwọn kan ti wádìí èyí. Ní 1964, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Allison àti Uhl, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n pín bíà fún àwọn ọkùnrin 326 tí wọ́n ń mu ún déédéé, wọ́n sì bó gbogbo bébà kúrò lára ìgò. Àwọn tó ń búra pé àwọn mọ ọtí àwọn kò dá a mọ̀, wọn kò sì fún un ní máàkì ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n wá pín in lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú bébà lára ìgò, olúkúlùkù gbé tirẹ̀ ga. Ohun tí wọ́n fi sínú ife kò yí padà o. Bébà ni wọ́n mu.

Ti àwọn Faransé tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún 1976, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ta wáìnì ní Paris, Steven Spurrier, kó àwọn ọ̀gá atọ́tíwò ilẹ̀ Faransé jọ, ó bu wáìnì ilẹ̀ wọn àti ti California fún wọn láìsọ èyí tí í ṣe ti ibì kan. Ti California ló gba ipò kìíní, nínú funfun àti nínú pupa. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé ife kan sókè, ó yìn ín pé wáìnì Faransé gidi rèé, ti Amẹ́ríkà sì ni. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀mùtí etí gárééjì bíi tiwa, iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Star ló kọ́kọ́ jáde ní Èkó, ní 1949. Guinness kọ́ iléeṣẹ́ sí Benin ní 1974. Iléeṣẹ́ International Breweries tí Olóyè Lawrence Ọmọ́lẹ̀ dá sílẹ̀ ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí pọn Trophy ní ìparí 1978, iléeṣẹ́ ọtí kan láti Jámánì ló sì bá wọn ṣètò bí a ti ń ṣe é. Ọtí Ìjẹ̀ṣà, ọgbọ́n Jámánì! Nígbà tó di 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé láti òkè òkun, àwọn iléeṣẹ́ ọtí sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ohun tí a fi ń ṣe ọtí yí padà. Orúkọ ara ìgò kò yí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń búra nítorí rẹ̀ kò yí.

Ta ló ni wọ́n lónìí? Iléeṣẹ́ AB InBev ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ra àwọn tó ni ti Iléṣà ní 2016. Ní 2017, wọ́n da ti Iléṣà pọ̀ mọ́ ti Onitsha tó ń ṣe Hero àti ti Port Harcourt, ó di ọ̀kan. Ará Ìjẹ̀ṣà àti ará Onitsha tó fẹ́ na ara wọn nínú gbọ̀ngàn yìí, àpò kan náà ni owó àwọn méjèèjì ń lọ. Star, Gulder, Goldberg àti Life, ti Nigerian Breweries ni gbogbo rẹ̀, Heineken ti Hóláńdì ló sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ń fi orin fújì polówó Goldberg fún àwa Yorùbá, wọ́n ń fi orin highlife polówó Life ní ìhà ìlà oòrùn, wọ́n sì ya oòrùn tó ń yọ sára Hero. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìfẹ́ ìlú wa ni wọ́n rọ sínú ìgò, tí a ń fi owó wa rà padà.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọtí ìlú rẹ̀. Bí ará Ìjẹ̀ṣà bá ní òun ń ra Trophy nítorí pé ọmọ àbúrò òun ń jẹun nínú iléeṣẹ́ náà, ìdí gidi nìyẹn, òṣìṣẹ́ ló sì ń ronú bẹ́ẹ̀. Kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ni kí ó dá ahọ́n rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí fún ohun tí ahọ́n kò rí. Nítorí àṣà yìí kì í dúró sórí ọtí. Òun ni a fi ń sọ pé mẹ́káníìkì ìlú wa ló mọṣẹ́ jù, tí a kò wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Bírékì kò sì mọ ìlú ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà Benin yìí. Òun náà ni a fi ń dìbò fún aṣojú tí kò lè ka ìwé àdéhùn, nítorí pé ọmọ wa ni.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ mú àbá kan wá. Kí a ra kéréètì kọ̀ọ̀kan nínú bíà mẹ́ta tí wọ́n ń jà lé lórí, kí a tọ́jú wọn sí ibi tútù kan náà. Kí àwọn ìyá wa méjì tí kì í mu ọtí bu wọ́n sínú ife kan náà nínú yàrá, kí wọ́n kọ nọ́mbà sí ìdí ife, kí akapò mú ìwé nọ́mbà náà pa mọ́ títí olúkúlùkù yóò fi kọ ìdájọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ariwo kí ìwé tó jáde. Èyí tó bá borí la ó rà. Ẹmu kò sí nínú rẹ̀, nítorí ìdí tí a ti sọ. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ní ìrìn lọ́jọ́ náà, ẹ kò ní tọ́ ọ wò rárá, ẹyọ ife kan kò sí; ẹ ó bá wa ṣọ́ àwọn ìyá tó ń bu ọtí, kí ẹnikẹ́ni má yọjú wo ìdí ife.