Ẹ Jẹ́ Kí A Lọ Yẹ Ojú Wa Wò

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ìlera ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ní Cityscape, Calgary)

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, àwọn mìíràn sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ yìí. A kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú níhìn-ín, fọ́ọ̀mù ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Lára ohun tí fọ́ọ̀mù náà máa ń bèèrè ni pé: ǹjẹ́ ẹnìkan wà nínú ẹbí rẹ tó ní àrùn ojú tí ń jẹ́ glaucoma? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí a tó kọ “Rárá”. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ilé. Ta ni kò mọ bàbá tàbí ìyá kan nínú agbo ilé rẹ̀ tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà kiri? Kí ni wọ́n sọ fún wa pé ó ṣe é? Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Wọ́n ní ó wo ohun tí kò yẹ kí ó wò. Kò sẹ́ni tó pè é ní glaucoma, nítorí kò sẹ́ni tó gbé bàbá lọ síbi tí wọ́n ti lè fún àrùn náà lórúkọ. “A kò mọ̀” ni ó yẹ kí ọ̀pọ̀ wa máa kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára nìyí. Láàárín ọdún 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn tó ju 13,000 lọ wò káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó ti pé ẹni ogójì ọdún sókè. Nǹkan bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní glaucoma. Àwa Yorùbá àti àwọn Ìgbò wà lára àwọn tí ó pọ̀ jù láàárín wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in, ó ju àádọ́rùn-ún lọ tí kò mọ̀ rárá. Ẹnìkan nínú márùn-ún sì ti fọ́jú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú ní in ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé nígbà tí òun ti kúrò nílé, òun ti bọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ la gbé e sí wá.

Omi kan wà nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé. Ó ń sun, ó sì ń ṣàn jáde. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde bá dí, omi náà yóò máa ti inú ẹyinjú, yóò sì máa pa iṣan tí ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa, kì í dunni, ojú kì í pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn á ṣì máa ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ geere, á máa wo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n á máa forí gbá férémù ilẹ̀kùn, á máa fẹsẹ̀ kọ àga. Ojú kejì a sì máa bo ti èkínní láṣìírí. Ìgbà tó bá fi hàn kedere, èyí tó lọ ti lọ. Kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí agbára omi yìí kò ga lójú wọn rárá, tí àrùn náà sì mú wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ dandan kí dókítà wo ẹ̀yìn ẹyinjú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa takisí àti ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ gbọ́ o. Lẹ́tà tí wọ́n ní kí a kà nígbà tí a ń gba láísẹ́ǹsì kì í ṣe àyẹ̀wò ojú. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ti lọ lè ka gbogbo lẹ́tà yẹn tán, kí ó má sì rí ọkọ̀ tó ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ lórí Deerfoot Trail.

Ẹ lè rántí Kirby Puckett, aláwọ̀ dúdú, gbajúmọ̀ nínú eré baseball ní Minnesota. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Glaucoma ni. Ní oṣù keje ọdún náà ló fi eré náà sílẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀, tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí ń fò bí ọta!

Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tí à ń kán sójú lójoojúmọ́. Iná lésà wà, iṣẹ́ abẹ náà sì wà. Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kán oògùn fún oṣù kan, wọn kò ní rí ìyàtọ̀, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀. Oògùn náà kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìyàtọ̀. Ohun tó kù ló ń ṣọ́. Ẹ sì jọ̀wọ́, oògùn ojú tí a ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́místì nílé, tí a ń dì sínú àpótí wá síbí, steroid wà nínú òmíràn. Ó ń mú kí ojú tó ń yún wálẹ̀ kíá, ṣùgbọ́n bí a bá kán an pẹ́, òun fúnra rẹ̀ lè fa glaucoma.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ọmọ tí kò ríran dáadáa kì í sọ, nítorí ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn. Àwa òbí á ní olóríkunkun ni, tíṣà á ní kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Òmíràn wà tí ojú kan ń ṣiṣẹ́ tí èkejì ń sùn. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè bo èyí tó dára kí èyí tó ń sùn lè jí, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti kọjá ọdún méje tàbí mẹ́jọ, iṣẹ́ náà a máa le. Ohun tí àwọn dókítà ojú ní Kánádà ń gbà wá nímọ̀ràn ni pé kí a gbé ọmọ lọ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, kí a tún gbé e lọ láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ìjọba Alberta ló ń san owó àyẹ̀wò kan lọ́dún fún ọmọ ọdún 18 sísàlẹ̀ àti fún àgbà ọdún 65 sókè. Káàdì ìlera nìkan lẹ máa mú dání. Awò ojú kì í ba ojú ọmọ jẹ́, ohun yòówù kí ìyá àgbà sọ.

Àwa tí a wà láàárín, ọdún 19 sí 64, ni a ń sanwó àyẹ̀wò fúnra wa, àfi bí ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ bá san án. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tó o. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ lọ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú sí yín lójú, ẹ má wakọ̀ padà, ẹ sì mú awò dúdú dání, nítorí oòrùn orí yìnyín ìlú yìí kì í ṣeré.

Ọ̀kan nínú wa tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago ní Ìjẹ̀bú-Òde láti bèèrè irú ojú tó fọ́ bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Èmi náà ti ń kán oògùn láti ọdún mẹ́ta. A kò fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún máa dààmú ni.” Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì bá a lójú òun náà, ní ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pe ilé. Ẹ bèèrè ta ni ojú rẹ̀ fọ́, ọmọ ọdún mélòó ló jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ó ń forí gbá nǹkan ṣáájú, ṣé ohun funfun bo ẹyinjú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun funfun yẹn nìkan ni, tí ẹni náà sì wà láàyè, iṣẹ́ abẹ lè mú kí ó tún ríran, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́ẹ̀ lù níbí. Òru gànjọ́ ni nílé báyìí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ wọn kí ẹ tó pè.